Iṣẹ́ Ọwọ́ Òsì: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìbọn Méjì Lẹ́ẹ̀kan Náà Nínú Géèmù Ìbọn Yíyìn

   Yorùbá ní ọmọ tí a bá fi ọwọ́ òsì nà, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra.

Inú òwe yẹn gan-an ni iṣẹ́ mi wà lónìí. Ọwọ́ méjì ni, iṣẹ́ méjì sì ni. Bí òsì àti ọ̀tún bá jọ ń na ọmọ, kò sí ọwọ́ tí yóò fà á mọ́ra mọ́.

Ẹgbẹ́ onígéèmù ilé-ẹ̀kọ́ yìí tó pè mí wá síbi àjọ̀dún ọdún márùn-ún wọn ní kí n sọ̀rọ̀ lórí géèmù ìbọn yíyìn, irú èyí tí ẹ̀yin ọ̀dọ́ ń ta, tí díẹ̀ nínú yín sì ti ń kọ́ bí a ṣe ń ṣe é. Ọ̀rọ̀ náà gbòòrò. Mo wá mú ẹyọ kan nínú rẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ yín ti ṣe rí láìdúró wò ó: kí ẹni inú géèmù gbé ìbọn kan sí ọwọ́ ọ̀tún, kó gbé òmíràn sí òsì, kó sì máa yìn wọ́n pọ̀. Ohun tí mo ní í sọ lórí rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Ọwọ́ tí kò mú ìbọn, iṣẹ́ ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ki ìbọn kejì bọ̀ ọ́ ti gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Géèmù tó bá jẹ́ kí a rí ohun tí a pàdánù, òun ni mo gbà pé ó dára jù.

Ìdí tí ènìyàn fi ń gbé méjì

Kí a tó dé inú géèmù, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yà sí oko ọdẹ. Ẹ̀yin tí baba yín jẹ́ ọdẹ mọ ìbọn ṣakabùlà. Ẹ̀tù la kọ́kọ́ ń dà sí i lẹ́nu, a ó fi ọ̀pá kì í mọ́lẹ̀, a ó ju ọta sí i, a ó tún kì í, kí a tó wá fi ohun tí yóò ṣáná sí i nídìí. Ọwọ́ méjèèjì ló ń ṣe é. Ojú pàápàá ti kúrò lára ẹran. Ọdẹ tó yìn tí kò bà, ẹkùn kò ní dúró dè é kó ki òmíràn.

Ìṣòro yìí náà ni àwọn ará ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà bá pàdé ní sẹ́ńtúrì 19. Ìbọn ìléwọ́ Colt ti ọdún 1851 ń yìn lẹ́ẹ̀mẹ́fà, ṣùgbọ́n bí mẹ́fà bá ti tán, ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni a ó tún fi ẹ̀tù àti ọta kì lọ́kọ̀ọ̀kan. James Butler Hickok, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Wild Bill, máa ń fi méjì irú rẹ̀ sí ìbàdí. Ìbọn kejì wà níbẹ̀ de ìgbà tí ti àkọ́kọ́ bá tán. Àkókò ló fi ń rà. Ní ọdún 1876, nílùú Deadwood, ẹ̀yìn ni wọ́n ti yìnbọn lù ú níbi tó ti ń ta káàdì, kò sì ráyè fa ọ̀kankan yọ.

Ẹ jẹ́ kí a sọdá sí Hong Kong, ọdún 1986. John Woo gbé fíìmù A Better Tomorrow jáde, Chow Yun-fat sì ṣe ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Mark nínú rẹ̀. Mark ń gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé oúnjẹ kan kọjá, ó sì ń ti ìbọn bọ inú ìkòkò òdòdó bó ṣe ń lọ. Nígbà tó ń padà bọ̀ tí ogun ti gbóná, tí ọta tán nínú èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ju ìyẹn nù, ó fa òmíràn yọ láti inú ìkòkò. Ọkùnrin náà kò ki ìbọn rárá. Láti inú igbó tiwa dé Deadwood dé Hong Kong, ìdí kan náà ni: yíyìn kò le, kíkì ló le. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí géèmù ni yóò kọ́kọ́ gbàgbé rẹ̀.

Bó ṣe wọ inú géèmù

Oṣù Kejìlá ọdún 1994 ṣe pàtàkì sí ìtàn yìí. Lóṣù kan náà, Bungie, tó wà ní Chicago nígbà náà, gbé Marathon jáde fún kọ̀ǹpútà Macintosh. Apogee náà sì gbé Rise of the Triad jáde láti Texas. Nínú méjèèjì, bí o bá he ìbọn ìléwọ́ kejì, ọwọ́ òsì ló ń lọ. Ní 1996, Lara Croft ti Tomb Raider dé láti ilé-iṣẹ́ Core Design ní Derby, tòun ti ìbọn ìléwọ́ méjì ní ìbàdí. Ọta ìbọn Lara kì í tán, kò sì ń kì í. Ẹ rí i pé wọ́n mú àwòrán Wild Bill, wọ́n fi ìdí tí Wild Bill fi gbé méjì sílẹ̀.

Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí GoldenEye 007, tí ilé-iṣẹ́ Rare ṣe ní Twycross nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó sì jáde fún Nintendo 64 ní 1997. Bí o bá he ìbọn kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ó di méjì lọ́wọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n ohun tó wú mi lórí jù kò sí nínú ìbọn. Àwọn tó ṣe é fi ọ̀nà kan síbẹ̀ tí ẹnì kan ṣoṣo fi lè lo páàdì méjì pọ̀. Páàdì Nintendo 64 ní ọ̀pá kékeré kan ṣoṣo tí àtàǹpàkò ń tì, àti bọ́tìnnì kan lábẹ́ rẹ̀ tí ìka ìfábẹ̀lá ń tẹ̀. Ẹni tó bá gbé méjì dání fi àtàǹpàkò kan rìn, ó fi ìkejì wòye. Ẹ wo páàdì tí ẹ ń lò lónìí: ọ̀pá méjì, òsì fún rírìn, ọ̀tún fún wíwò. Ohun tí ènìyàn ń fi páàdì méjì ṣe nígbà náà ti di ara páàdì kan ṣoṣo. Ọwọ́ méjì tí iṣẹ́ wọn yàtọ̀ ló bí i.

Irọ́ kékeré kan wà nínú ọ̀pọ̀ géèmù ìbọn yíyìn tí mo gbọ́dọ̀ tọ́ka sí. Nínú ayé, ojú méjì ni Ọlọ́run fún wa, ibì kan ṣoṣo ni wọ́n jọ ń wò lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó gbé ìbọn méjì dání kò lè fi ojú sun ibi méjì. Nínú ọ̀pọ̀ géèmù tí a ń ta lórí tẹlifíṣàn, àmì kan wà láàrín ojú rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọta ọ̀tún àti ọta òsì jọ ń lọ. Géèmù ti bá wa tún ojú wa ṣe láìsọ fún wa. N kò bínú sí i. Àlọ́ náà ní ìjàpá tó ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ ṣe géèmù gbọ́dọ̀ mọ ibi tí irọ́ rẹ̀ wà.

Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, yàrá kan wà ní ilé tí a ń gbé tí a ti máa ń so kọ̀ǹpútà mẹ́rin pọ̀ láti ta Counter-Strike títí iná yóò fi lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan kì í ra ohun mìíràn ju ìbọn Beretta méjì lọ. Ọta 30 ló wà nínú wọn, 15 fún ọwọ́ kan. Mo jókòó tì í lálẹ́ ọjọ́ kan, mo sì wò ó dáadáa. Bọ́tìnnì kan ṣoṣo ló ń tẹ̀ lára máòsì. Bó bá tẹ̀ ẹ́, ọ̀tún dún. Bó bá tún tẹ̀ ẹ́, òsì dún. Méjèèjì kì í dún pọ̀ rárá. Ìbọn kan tí ọta rẹ̀ pọ̀ ló gbé dání, tí wọ́n pín sí ọwọ́ méjì. Nígbà tí ọta bá sì tán, gbogbo wa nínú yàrá mọ̀ ọ́n, nítorí pé ó ń pẹ́ kó tó kì wọ́n tán. Ìgbà yẹn ni ẹni tó mú ìbọn kan ṣoṣo máa ń yọ sí i. Alẹ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ bi ara mi pé kí ni ìbọn kejì yìí ń ṣe gan-an.

Ààrò mẹ́ta

Ìdáhùn tó jinlẹ̀ jù tí mo rí sí ìbéèrè yẹn wà nínú Halo 2. Bungie náà ló ṣe é, àwọn tó ṣe Marathon. Ọjọ́ 9 oṣù Kọkànlá ọdún 2004 ló jáde fún Xbox, ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn Marathon.

Ẹ bá mi gbé páàdì Xbox dání. Àtàǹpàkò méjèèjì wà lórí ọ̀pá wọn. Ìka ìfábẹ̀lá ọ̀tún wà lẹ́yìn, lórí bọ́tìnnì tó ń yin ìbọn. Ìka ìfábẹ̀lá òsì náà wà lẹ́yìn, lórí bọ́tìnnì tó ń ju bọ́ǹbù àfọwọ́jù. Bọ́tìnnì mìíràn wà lókè fún gbígbá ọ̀tá ní ìdí ìbọn bó bá sún mọ́ ọ jù. Ìbọn, bọ́ǹbù, ìdí ìbọn: orí àwọn mẹ́ta yìí ni ìjà Halo dúró lé láti ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀. Bọ́ǹbù ń lé ọ̀tá jáde níbi tó sá sí, ìbọn ń gbà á lọ́nà, ìdí ìbọn ń parí ọ̀rọ̀ fún ẹni tó bá dé iwájú rẹ. Yorùbá ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù.

Ó wá ku kí o rí ìbọn kékeré kan nílẹ̀. O tẹ bọ́tìnnì Y mọ́lẹ̀, ọwọ́ òsì nà, ó gbé e. Láti ìṣẹ́jú àáyá yẹn lọ, ìka òsì tó ń ju bọ́ǹbù ti di ìka tó ń yìnbọn. Bọ́ǹbù wà ní ìbàdí rẹ, o ń rí iye rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọwọ́ tí yóò jù ú. Bí ọ̀tá bá sún mọ́ ọ tí o fẹ́ fi ìdí ìbọn gbá a, ìbọn òsì á jábọ́ sílẹ̀ kí ọwọ́ tó lè gbá. Ààrò méjì ti yẹ̀ lábẹ́ ìkòkò. Kò sí ẹni tó gba owó tàbí àmì kankan lọ́wọ́ rẹ bí ìtanràn pé o gbé méjì. Ìka ọwọ́ rẹ fúnra rẹ̀ ló san án. Mo ti ta géèmù fún ọdún púpọ̀, n kò tíì rí ibi tí wọ́n ti ṣírò owó ìbọn kejì lọ́nà tó ṣe kedere sí ara tó báyìí.

Kí ló wá mú kí ènìyàn gbé e náà? Nínú Halo, asà kan wà lára ọ̀tá tí ojú kò rí títí ọta yóò fi bà á. Ìbọn tó ń yọ iná aláwọ̀ ewé, èyí tí wọ́n ń pè ní plasma pistol, mọ bí a ṣe ń tú asà. Kò fi bẹ́ẹ̀ mọ bí a ṣe ń pa ẹni tó wà nínú rẹ̀. Ìbọn ọlọ́ta irin mọ ìkejì. Ẹni tó mọwọ́ rẹ̀ á fi ti iná sí òsì, á tẹ ìka mọ́ ọn láìtú u sílẹ̀. Ìbọn náà á máa gbọ̀n, ìmọ́lẹ̀ ẹnu rẹ̀ á máa wú. Ọ̀tún kò tíì dún. Ọ̀tá yọ, òsì tú ìka, òkìtì iná náà tẹ̀lé e títí ó fi bá a, asà fọ́ dànù. Ìgbà náà ni ọ̀tún wá bẹ̀rẹ̀. Òsì ṣí ilẹ̀kùn, ọ̀tún wọlé. Níbẹ̀ ni ìbọn méjì ti di ọgbọ́n, nítorí pé wọ́n tún rí iṣẹ́ fún ọwọ́ òsì tó yàtọ̀ sí ti ọ̀tún.

Ẹni tó kàn gbé irú kan náà méjì, tó ń da ọta sílẹ̀ bí òjò, ariwo rẹ̀ pọ̀ ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Halo 3 tó jáde ní 2007 ṣì ní ìbọn méjì. Nígbà tí Halo: Reach fi máa jáde ní 2010, Bungie ti yọ ọ́ kúrò pátápátá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn bínú. Èmi gbà pé wọ́n fẹ́ kí ààrò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà sábẹ́ ìkòkò gbogbo eléré.

Ibi tó ti bàjẹ́, ibi tó ti gbèrú

Call of Duty: Modern Warfare 2, ti oṣù Kọkànlá ọdún 2009, fi ohun kan tó ń jẹ́ akimbo sí i. Òfin rẹ̀ rọrùn: bí o bá gbé méjì, o kò lè gbé ìbọn sójú kí o fi wò. Owó tó yẹ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìbọn Model 1887 tó ń tú ọta wẹ́wẹ́ ń pa ènìyàn láti ọ̀nà jíjìn tí irú ìbọn bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dé, ẹni tó gbé méjì rẹ̀ kò sì nílò àtifojú sun ohunkóhun. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, orí íntánẹ́ẹ̀tì kún fún ẹni tó gbé ìbọn kan náà. Àwọn tó ṣe é ní láti fi àtúnṣe ránṣẹ́ láti dín ibi tí ọta rẹ̀ ń dé kù. Ìgbà tí ọ̀fẹ́ bá wọ ọjà, ọjà kan ṣoṣo ni gbogbo ènìyàn ń rà.

Ní Sweden, MachineGames ṣe Wolfenstein: The New Order ní 2014, níbi tí o ti lè gbé ìbọn ńlá méjì irú kan náà. Nígbà tí wọ́n ṣe èyí tó tẹ̀lé e, The New Colossus, ní 2017, wọ́n jẹ́ kí ọ̀tún mú irú kan, kí òsì mú irú mìíràn. Mo rò pé wọ́n ti rí ohun tí mo ń wí. BioShock 2 náà ti rí i ṣáájú wọn, ní 2010: ìbọn tàbí irin ìdáhò wà ní ọ̀tún, agbára bíi mànàmáná wà ní òsì, méjèèjì sì lè ṣiṣẹ́ pọ̀. Nínú BioShock àkọ́kọ́, ti 2007, o ní láti sọ ọ̀kan kalẹ̀ kí o tó mú ìkejì.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n fi ìlù ṣe àpèjúwe. Àgbà onílù kan jẹ́ kí n jókòó tì òun nígbà tó ń lu ìyá ìlù bàtá. Ojú méjì ni bàtá ní: ojú òjò tó tóbi, àti ṣáṣá tó kéré. Àtẹ́lẹwọ́ ló fi ń lu ojú òjò, bílálà, ìyẹn awọ líle, ló fi ń lu ṣáṣá. Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi bílálà lu méjèèjì kí ìlù náà lè dún sí i. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ awọ ojú òjò díẹ̀, ó lù ú. Ohùn náà rẹlẹ̀. Ó gbé ọwọ́ kúrò, ó tún lù ú. Ohùn náà là. Kò sọ̀rọ̀ jù báyìí lọ: "Bílálà kò lè ṣe ìyẹn." Bó bá fi bílálà sí ọwọ́ méjèèjì, ariwo á pọ̀ sí i, ọ̀rọ̀ á sì tán lẹ́nu ìlù.

Nígbà tí ọwọ́ bá di ọwọ́

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ti mọ awò tí a ń dé sójú, tí a ó fi wà nínú géèmù fúnra wa, tí ọwọ́ wa gan-an sì di ọwọ́ ẹni inú rẹ̀. Ibẹ̀ ni irọ́ àmì àárín ojú tẹlifíṣàn parí sí. Nínú Robo Recall tí Epic Games ṣe ní 2017, ìbọn méjì wà lọ́wọ́ rẹ lóòótọ́, ibi tí ọwọ́ kọ̀ọ̀kan bá nà sí ni ọta rẹ̀ ń lọ. Ojú rẹ kò lè tẹ̀lé méjèèjì. Ẹni tó lé eku méjì á pòfo. Àwọn tó ṣe é mọ̀. Nígbà tí ọta bá tán, o kì í ki ìbọn, o ń jù ú nù, o sì ń na ọwọ́ fa òmíràn yọ, gẹ́gẹ́ bí Mark ti ṣe níbi ìkòkò òdòdó.

Valve gba ọ̀nà mìíràn nínú Half-Life: Alyx ní oṣù Kẹta ọdún 2020. Gbogbo ìbọn inú rẹ̀ ni ọwọ́ kan lè mú, ọwọ́ kan náà sì ni wọ́n ní kó mú un. Ẹ wo ohun tí òsì ń ṣe. Ó ń ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀ kí o lè yọjú. Ó ń fa ohun tó wà lókèèrè wá sọ́dọ̀ rẹ. Nígbà tí ọta bá tán, àpò ọta tó ṣófo jábọ́, ọwọ́ òsì ré kọjá èjìká lọ sínú àpò ẹ̀yìn, ó mú òmíràn bọ̀, ó wá ihò rẹ̀ lábẹ́ ìbọn, ó tì í wọlé, ó sì fa irin rẹ̀ kó bọ́ sípò. Gbogbo ìyẹn ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ohun abàmì kan ń wọ́ bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ nínú òkùnkùn, tí ọwọ́ rẹ sì ń gbọ̀n. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, ọdẹ àti ṣakabùlà ni mo rántí. Kíkì ti padà, ẹ̀rù sì bá a padà.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ tí ẹ ń ṣe géèmù, mo bẹ̀ yín, kí ẹ tó ya ìbọn kejì, ẹ kọ́kọ́ kọ sórí ìwé ohun tí ọwọ́ òsì ń ṣe nínú géèmù yín. Bí kò bá sí nǹkan kan tó ń ṣe, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ̀yin òbí mi, ọ̀pọ̀ géèmù tí mo dárúkọ lónìí, títí kan Halo 2 àti Modern Warfare 2, ló ní lẹ́tà M lára páálí wọn, èyí tó túmọ̀ sí pé ọmọ ọdún 17 sókè ni wọ́n ṣe é fún. Ní ilẹ̀ tí ìbọn gidi ti ba ọ̀pọ̀ ilé jẹ́, ó tọ́ kí ẹ wo páálí yẹn kí ẹ tó rà á, kí ẹ sì jókòó ti ọmọ yín bó ṣe ń ta á.



     Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, kọ̀ǹpútà tí ẹ fi ṣe géèmù yín ti wà ní títàn lẹ́yìn gbọ̀ngàn, mo sì fẹ́ wá wò ó kí iná tó lọ.